Ta ló ń bọ́ ẹni tó gbẹ́ ọpọ́n Ifá wa?

  

Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti bí oṣù mélòó kan, òun ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Èmi fúnra mi ni ọ̀rọ̀ náà kàn, èmi náà ni mo sì jẹ̀bi nínú rẹ̀. Kò rọrùn láti sọ, ṣùgbọ́n babaláwo tí kò lè sọ òótọ́ nípa ara rẹ̀, báwo ni yóò ṣe sọ òótọ́ fún ẹni tó wá dífá lọ́dọ̀ rẹ̀?

Ọpọ́n Ifá tí mo ń lò, bàbá mi ló fi sílẹ̀ fún mi. Ẹni tó gbẹ́ ẹ ti kú kí wọ́n tó bí mi. Lọ́dún tó kọjá, òjò ńlá kan rọ̀ ní Ìsọlọ̀, omi sì ya wọ yàrá tí mo ń kó ohun èlò Ifá sí. Mi ò sí nílé lọ́jọ́ náà. Kí n tó dé, ọpọ́n ti wà nínú omi fún ọ̀sán kan àti òru kan. Mo gbé e sí ibòji kó lè máa gbẹ díẹ̀díẹ̀, àmọ́ nígbà tó gbẹ tán, ó là láti ojú ọpọ́n dé ẹsẹ̀ ọpọ́n. Bí mo bá da ìyẹ̀rosùn sí i láti tẹ odù, ìyẹ̀rosùn á máa jò gba ibi tó là. Ìtẹ̀fá ọmọ kan sì ń bọ̀ lọ́nà, a ti dájọ́ sí i. Mo ní láti wá ọpọ́n mìíràn.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà ní Máfolúkù, ní Òṣòdì, tó ń gbẹ́ ọnà sára ilẹ̀kùn àti orí bẹ́ẹ̀dì fún àwọn káfíńtà. Bàbá rẹ̀ àgbà jẹ́ agbẹ́gilére ní ìlú wọn ní Ìgbómìnà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ti kọ́ṣẹ́ náà kó tó wá sí Èkó. Mo gbé ọpọ́n bàbá mi tọ̀ ọ́ lọ. Ó gbà á, kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́, ó kàn ń fi àtàǹpàkò tọ àwọn ọnà tó wà létí rẹ̀. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ìbéèrè ló bi mí. Ó ní, “Bàbá, ṣé bó ṣe rí gẹ́lẹ́ lẹ fẹ́ kí n ṣe é, àbí ẹ máa jẹ́ kí n fi ọwọ́ tèmi sí i?”

Inú bí mi díẹ̀. Mo ní, “Ọmọ mi, ohun ìṣẹ̀ṣe ni mo gbé wá fún ọ, kì í ṣe orí bẹ́ẹ̀dì. Bó ṣe rí gẹ́lẹ́ ni kí o ṣe é.”

Ó ní ó dáa. Ó wá dá owó iṣẹ́ rẹ̀ lé ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́ta náírà. Mo pariwo. Mo sọ fún un pé mo ti rí ọpọ́n tí wọ́n fi ẹ̀rọ gbẹ́ lọ́jà, ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún náírà péré ni wọ́n ń tà á, ó sì ń dán gbinrin. Mo bá a ná an bí ẹni ń ná tòmátì. Mo ní òrìṣà ni yóò san ìyókù fún un. A jọ fà á títí ó fi gbà láti ṣe é ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Inú mi dùn lọ sílé, mo rò pé mo gbọ́n.

Ó ṣe ọpọ́n náà, ó sì gbé e wá kí ọjọ́ tí a dá tó pé. Kò sí ohun tí mo lè tọ́ka sí pé kò sí níbẹ̀. Ojú Èṣù wà níbi tó yẹ kó wà. Ẹyẹ méjì wà lápá ọ̀tún, ejò wà lápá òsì, bíi ti bàbá mi. A fi tẹ Ifá fún ọmọ yẹn, ó sì dán mọ́rán. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbé ọpọ́n méjèèjì ka iwájú, ojú Èṣù tó wà lára ti àtijọ́ ń wò mí, ojú tó wà lára tuntun kò wo ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, mo fẹ́ lọ sí Ikẹjà, mo wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá kan lọ sí Òṣòdì. Ẹ̀yin náà ẹ mọ Òṣòdì. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí ibùdókọ̀ ńlá yẹn ní 2019, ibẹ̀ ti gún régé ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n èrò kò dínkù. Nígbà tí mo fẹ́ sanwó, awakọ̀ ní, “Bàbá, ẹ fi sílẹ̀, ẹ̀yin ni.” Mo wo ojú rẹ̀. Ọmọ tó gbẹ́ ọpọ́n fún mi ni. Mo bi í pé iṣẹ́ ọnà ńkọ́? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Bàbá, kẹ̀kẹ́ ń mú owó oúnjẹ wá lójoojúmọ́. Ọnà kò mú un wá.” Kò fi ẹ̀gàn sọ ọ́ o. Ó tiẹ̀ ní kí n máa ṣàdúrà fún òun. Èrò mìíràn sì ti wọlé, ó wakọ̀ lọ.

Mo dúró lábẹ́ afárá fún ìgbà pípẹ́. Ohun tó ń dùn mí ni pé mo mọ ẹni tó lé ọmọ yẹn kúrò nídìí iṣẹ́ bàbá rẹ̀ àgbà. Kì í ṣe pásítọ̀, kì í ṣe àfáà, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ìjọba. Àwa tá a ń pe ara wa ní oníṣẹ̀ṣe ni, àwa tá à ń ra iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń ronú sí ìbéèrè tó bi mí. Ṣé bó ṣe rí gẹ́lẹ́ ni, àbí kó fi ọwọ́ tirẹ̀ sí i? Mo dá a lóhùn kíákíá nítorí mo rò pé mo mọ ìdáhùn. Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ká sì bẹ̀rẹ̀ láti inú Ifá fúnra rẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ́ Ifá mọ̀ pé odù mẹ́rìndínlọ́gọ́ta lé nígba, 256, la ní, àti pé ẹsẹ tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan kò lóǹkà. Ọmọ awo á jókòó ti olúwo rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó gbọ́ díẹ̀ níbẹ̀. Àwọn ará ìta a máa rò pé àkọ́sórí ni gbogbo rẹ̀ láti orí dé ìdí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Orúkọ awo tó dífá, orúkọ ẹni tí wọ́n dá a fún, àti ohun tó gbé onítọ̀hún tọ Ifá lọ, ìyẹn ni ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yí padà. Awo tó bá ṣì í sọ níbẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á dá a dúró lójú agbo. Ìparí ẹsẹ náà, níbi tí onítọ̀hún ti ń jó tó ń yọ̀, tó ń yin awo, a kì í yí ìyẹn náà. Ṣùgbọ́n tó bá kan àárín, níbi tí a ti ń ròyìn bó ṣe rúbọ tàbí bó ṣe kọ̀ tí kò rú, àti ohun tí ojú rẹ̀ rí, awo kọ̀ọ̀kan ló ní ẹnu tó fi ń sọ ọ́. Olúwo tó kọ́ mi lè fi wákàtí kan sọ ohun tí ẹlòmíì á fi ìṣẹ́jú márùn-ún sọ, ìdílé kì í sì í sùn nígbà tó bá ń sọ ọ́. Tó bá wá kan ìyẹ̀rẹ̀, ohùn awo méjì kì í dọ́gba.

Nítorí náà, nínú Ifá, egungun wà, ẹran ara sì wà. Egungun kì í yí. Ẹran ara ni ti ẹni tó ń sọ ọ́. Mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ẹnu mi láti ogójì ọdún, síbẹ̀ nígbà tí ẹni tó ń fi ọwọ́ sọ tirẹ̀ bẹ̀ mí pé kí n fún òun láyè, mo ní rárá.

Ọpọ́n náà rí bẹ́ẹ̀. Àárín rẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ́jú kí ìyẹ̀rosùn lè dúró. Etí rẹ̀ gbọ́dọ̀ ga yí i ká. Ojú Èṣù gbọ́dọ̀ wà lókè kó lè kọjú sí babaláwo, nítorí òun ló ń wò wá bí a ṣe ń ṣiṣẹ́, òun ló sì ń gbé ẹbọ lọ. Ìyẹn ni egungun. Kí ló kù? Gbogbo etí ọpọ́n láti ọ̀tún dé òsì. Ta ló ni ibẹ̀? Ẹni tó ń gbẹ́ ẹ ni.

Bí ẹ bá rò pé èmi ni mo ń dá ẹ̀kọ́ tuntun sílẹ̀, ẹ jẹ́ ká wo ohun tí àwọn baba wa ṣe. Ọpọ́n Ifá kan wà ní ìlú Ulm lórílẹ̀-èdè Jámánì. Láti Àládà, nínú ilẹ̀ tó di Olómìnira Bẹ̀nẹ̀ lónìí, ni wọ́n ti gbé e lọ. Ó ti wà nínú ìwé àkójọ ohun ìní oníṣòwò kan tó ń jẹ́ Weickmann ní 1659. Ó ti lé ní ọ̀tàlélọ́ọ̀ọ́dúnrún ọdún báyìí. Ojú Èṣù wà lára rẹ̀, gbogbo etí rẹ̀ sì kún fún èèyàn àti ẹranko. Babaláwo tó bá rí i lónìí á mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀ pé ọpọ́n Ifá ni, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọpọ́n mìíràn láyé tó jọ ọ́. Ẹni tó gbẹ́ ẹ di egungun náà mú ṣinṣin, ó sì sọ ẹran ara rẹ̀ bó ṣe fẹ́.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sí Èkìtì. Ọlọ́wẹ̀, agbẹ́gilére tó ń gbé ní Ìsẹ̀-Èkìtì lábẹ́ Arínjalẹ̀, kú ní 1938. Àwọn tó mọ̀ nípa ère sọ pé bóyá ni Yorùbá tún bí ẹni tó mọ̀ ọ́n gbẹ́ tó o. Láàrin 1910 sí 1914, Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́ ní kó wá ṣe òpó àti ilẹ̀kùn fún ààfin òun. Òyìnbó ti wọ Èkìtì nígbà yẹn. Kí ni Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ sára ilẹ̀kùn ààfin? Ó gbẹ́ ọba tó jókòó lórí ìtẹ́ pẹ̀lú olorì lẹ́yìn rẹ̀, ó sì gbẹ́ ọ̀gá òyìnbó kan tí wọ́n fi ibùsùn okùn gbé lérí bọ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà ayé rẹ̀ ló gbẹ́ sí ààfin, kò sì sí ẹni tó sọ pé ó ba ìṣẹ̀ṣe jẹ́. Wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ ńlá ní Wembley nílùú Lọ́ńdọ́nù ní 1924. Nígbà tí ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní àwọn fẹ́ ẹ, ọba kò gba owó. Ìtẹ́ tí wọ́n ṣe ní ìlú òyìnbó ló gbà dípò rẹ̀. Ọlọ́wẹ̀ sì tún gbẹ́ ilẹ̀kùn mìíràn.

Ní Kétu àti agbègbè rẹ̀, ẹni tó bá ti wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ rí mọ̀ pé orí ère náà kì í ṣe ibi tí àtijọ́ nìkan ń gbé. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ojú obìnrin tó parọ́rọ́, ìyẹn kì í yí. Lókè orí, ẹ lè rí ejò àti ẹyẹ, ẹ sì lè rí ẹni tó gun alùpùpù tàbí ẹni tó ń fi ẹ̀rọ ránṣọ. Àwọn ìyá wa tí wọ́n ń ṣe é fún kò bínú sí i. Ohun tó ń lọ nílùú ni wọ́n fi ń dá wọn lára yá.

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀: àṣà. Ohun tí a ṣà ni àṣà. Ẹni tó ń ṣa nǹkan ń wò ó, ó ń mú èyí, ó ń fi tọ̀hún sílẹ̀. Àwọn baba wa kò pè é ní ohun tí a kàn bá nílẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ pé àṣà Yorùbá kì í fẹ́ ohun tuntun, ẹ bi í pé ta ló wá ń ṣà nígbà yẹn?

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣì mí gbọ́. N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni kàn máa ṣe bó ṣe wù ú. Àwọn àgbà agbẹ́gilére máa ń pín iṣẹ́ wọn sí ọ̀nà mẹ́rin. Àkọ́kọ́ ni ọnà lílé, ìyẹn ni pé kí a fi àáké lé igi náà títí orí, ara àti ẹsẹ̀ ère á fi hàn gàgàrà. Ìkejì ni àlétúnlé, tí a ó tún un lé kí imú, etí àti ọwọ́ lè yọ. Ìkẹta ni dídán, tí a ó mú un dán. Ìkẹrin ni fífín, tí a ó fi ọ̀bẹ fín irun, ilà ojú àti ìlẹ̀kẹ̀ sí i. Ẹni tó bá fo ìkínní, tó sáré lọ fín ilà sójú ère, iṣẹ́ rẹ̀ ti bàjẹ́. Ohun tí wọ́n ń pè ní ojú ọnà nìyẹn: kí ojú rẹ ti rí ère náà nínú igi kí o tó gbé àáké. Ìfarabalẹ̀ ló ń bí i. Ọmọ tó bá ti fi ọdún méje ṣe àfarawé iṣẹ́ ọ̀gá rẹ̀ ló ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ohun tí ọmọ Máfolúkù béèrè lọ́wọ́ mi. Òun sì ti ṣe ọdún méje rẹ̀.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká bọ́ sí ibi tí bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀. Gbogbo àwọn tí mo dárúkọ wọ̀nyí, ta ló bọ́ wọn nígbà tí wọ́n ń ṣiṣẹ́? Ọba ló bọ́ Ọlọ́wẹ̀. Ààfin ló gbà á sílé tó ń fún un lóúnjẹ títí iṣẹ́ fi parí. Ìlú sì mọ orúkọ rẹ̀. Ní 1988, àádọ́ta ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó rẹ̀ ṣì ń ké oríkì rẹ̀ fún ẹni tó wá ṣèwádìí. Nígbà tí ipá àwọn ọba wá dínkù, tí àwọn èèyàn wa sì ń sun ère nítorí ẹ̀sìn tuntun, ta ló gba iṣẹ́ náà ṣe? Fàdá ìjọ Àgùdà kan ni, Kevin Carroll. Ó wà nídìí ilé iṣẹ́ ọnà ní Ọyẹ́-Èkìtì láti 1947 títí di 1954. Ibẹ̀ ni Lamidi Fakeye ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ George Bandele. Ìdílé agbẹ́gilére ní Ìlá-Ọ̀ràngún ni Fakeye ti wá, mùsùlùmí sì ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ifá ni orúkọ ìdílé rẹ̀ ń pè. Òun ló gbẹ́ ère Odùduwà tó wà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀. Ẹ wo bí ayé ṣe rí: fàdá ló ń sanwó, mùsùlùmí ló ń gbẹ́, àwa oníṣẹ̀ṣe ló ń yangàn pé iṣẹ́ baba wa kò parun.

Ẹ wo Òṣogbo náà. Obìnrin ará Austria kan, Susanne Wenger, tí a ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, wá sí Nàìjíríà ní 1950, ó sì di ọmọ òrìṣà. Nígbà tí igbó Ọ̀ṣun ń bàjẹ́ lọ, òun àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ìlú náà ló tún un ṣe. Àwọn wo ni wọ́n? Adébísí Àkànjí, bíríkìlà ni. Sìmẹ́ńtì tó fi ń mọ ilé náà ló fi mọ ère. Lọ́wọ́ kan náà, Dúró Ládiípọ̀ dá Mbárí Mbáyọ̀ sílẹ̀ nílùú yẹn ní 1962, níbi tí ọ̀pọ̀ ti di ayàwòrán. Jimoh Buraimoh ń tan iná fún ẹgbẹ́ eré rẹ̀ kó tó máa fi ìlẹ̀kẹ̀ ya àwòrán. Twins Seven-Seven ń jó fún ẹni tó ń ta oògùn kiri. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó wá sáyé pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí ayàwòrán. Ẹnì kan ló fún wọn láyè, tó fún wọn ní irinṣẹ́, tó sì ra ohun tí wọ́n ṣe. Ní 2005, àjọ UNESCO kọ orúkọ igbó Ọ̀ṣun sára ohun àjogúnbá gbogbo ayé. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n kéde Ifá gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan lára ọgbọ́n tó ṣe iyebíye fún ọmọ aráyé.

A jó, a yọ̀ lọ́dún náà. Ṣùgbọ́n ta ni nínú wa tó jí ní ọjọ́ kejì tó lọ bá agbẹ́gilére àdúgbò rẹ̀ pé, “Mélòó lo fẹ́ gbà?” tó sì san án láìjiyàn?

Àwọn kan á ní ẹ̀rọ ló fà á. Bóyá lóòótọ́ ni díẹ̀. Ṣùgbọ́n irin ni ẹ̀rọ, Ògún ló ni gbogbo irin, mi ò lè bú ohun Ògún. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò ju ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún lọ, kó ra ti ẹ̀rọ, Ifá kò ní kọ̀ ọ́. Àmọ́ èmi, agbára mi tó ọgọ́ta. Mo ra ẹran ẹbọ láìjiyàn. Mo rán aṣọ ọdún Ifá láìjiyàn. Ọwọ́ tó gbẹ́ ojú Èṣù nìkan ni mo bá jiyàn. Nígbà tí mo bá ní òrìṣà ni yóò san ìyókù, òrìṣà wo ni mo ń rán níṣẹ́ gbèsè mi? Àwa babaláwo náà kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ bẹ́ẹ̀ fún wa.

Ohun kan tún wà. Mo ní kó ṣe é bó ṣe rí gẹ́lẹ́, mo sì san owó ẹ̀rọ fún un. Kí ni mo retí? Mo ní kó fi ojú inú rẹ̀ sílé, kó gbé ọwọ́ nìkan wá. Ohun tó gbé wá nìyẹn. Ìdí nìyẹn tí ojú Èṣù yẹn kò fi wo ẹnikẹ́ni.

Ní ọjọ́ Ọjọ́rú kan, mo mú ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógójì náírà tó ṣẹ́ kù lówó iṣẹ́ rẹ̀, mo wá a lọ sílé. Ó kọ́kọ́ kọ̀ ọ́. Ó ní a ti jọ ṣe àdéhùn, kò sí gbèsè. Mo ní gbèsè wà. Ìyá rẹ̀ ló bá mi bẹ̀ ẹ́ kó tó gbà á. Mo wá sọ fún un pé kó gbẹ́ ọpọ́n mìíràn fún mi, kó dá owó rẹ̀ fúnra rẹ̀, kó sì fi ọwọ́ tirẹ̀ sí i. Mo sọ ohun tí kò gbọdọ̀ yí fún un: àárín, etí, ojú Èṣù. Mo ní, “Ìyókù, tìẹ ni.”

Ó fi oṣù méjì ṣe é, nítorí alẹ́ nìkan ló ń ráyè. Igi apá ló lò. Nígbà tó gbé e dé, mo wò ó, mi ò lè sọ̀rọ̀. Ojú Èṣù ń wò mí. Níwájú rẹ̀, níbi tí àwọn àgbà máa ń gbẹ́ ẹlẹ́ṣin sí, ó gbẹ́ dánfó, kọ́ńdọ́ rọ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó na ọwọ́ kan síta bí ẹni ń pe èrò. Ní apá ọ̀tún, obìnrin mẹ́ta ru ẹrù. Ní apá òsì, ẹyẹ méjì bíi ti ọpọ́n bàbá mi. Mo bi í pé kí ló fà á tó fi gbé dánfó sí ẹ̀gbẹ́ Èṣù? Ó ní, “Bàbá, ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé Èṣù ló ni oríta. Oríta wo ló tún ju Òṣòdì lọ?”

Mo ti ń dífá fún ogójì ọdún, mo sì ti ń gba Òṣòdì kọjá ju ìgbà yẹn lọ. N kò so méjèèjì pọ̀ rí. Ọmọ tó ń wakọ̀ níbẹ̀ ló so wọ́n pọ̀ fún mi.

Kì í ṣe gbogbo ẹgbẹ́ wa ló fẹ́ràn rẹ̀ o. Ní ọjọ́ ọ̀sẹ̀ tí mo kọ́kọ́ gbé e jáde, àgbà awo kan wò ó, ó mi orí, ó ní tí a bá ń gbẹ́ dánfó lónìí, kí la máa gbẹ́ lọ́la, bàálù? Mo dá a lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé bí bàálù bá gbé ẹnì kan tọ Ifá wá, ó ṣeé ṣe. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, àmọ́ kò tíì tẹ Ifá lórí rẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún èrò rẹ̀. Ẹni tó ń ṣọ́ egungun náà ń ṣiṣẹ́.

Ọmọ náà ṣì ń wa kẹ̀kẹ́. Mi ò ní purọ́ fún yín pé ọpọ́n kan ti yí ayé rẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n ó ti gbẹ́ ìrọ́kẹ́ kan fún awo kan ní Òkòtà, ó sì ti tún irinṣẹ́ bàbá rẹ̀ àgbà ṣe. Ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ ni kì í gbé kẹ̀kẹ́ jáde mọ́.

Ohun tí mo wá ń bẹ̀ yín sí kò pọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ gba ọpọ́n, ìrọ́kẹ́, agere tàbí ère ìbejì, ẹ wá ọwọ́ tó ń ṣe é lọ kí ẹ tó dé ọjà. Ẹ sọ egungun iṣẹ́ náà fún un, kí ẹ sì fi ìyókù sílẹ̀ fún un. Ẹ san owó rẹ̀ pé. Bí agbára yín kò bá tó o, ẹ sọ pé kò tó o, ẹ bẹ̀ ẹ́ pé kí ẹ máa san án díẹ̀díẹ̀. Kí ẹ sì béèrè orúkọ rẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ síbi tí àwọn ọmọ yín á ti rí i. Ọ̀pọ̀ ère wa tó wà nílùú òyìnbó ni wọ́n kọ sí lára pé a kò mọ ẹni tó gbẹ́ ẹ. Àwọn tó kó wọn lọ kò béèrè ni. Èmi náà kò mọ orúkọ ẹni tó gbẹ́ ọpọ́n bàbá mi, nítorí èmi náà kò béèrè nígbà tí bàbá mi wà láyé.

Ọbàtálá mọ èèyàn, kò mọ méjì tó jọra tán, kódà ìbejì ní ìyàtọ̀. Ẹni tó ń sin irú òrìṣà bẹ́ẹ̀, kò yẹ kó máa bẹ̀rù ọwọ́ tó ń ṣe nǹkan ọ̀tọ̀.

Ọpọ́n bàbá mi ṣì wà lórí àjà. Mi ò ní sọ ọ́ nù. Ọpọ́n tuntun ni mo ń lò, mo sì ti kọ orúkọ ẹni tó gbẹ́ ẹ sábẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú ọdún tó gbẹ́ ẹ.

Kí Ògún má ṣe jẹ́ kí irin ṣe àwọn oníṣẹ́ ọnà wa ní jàǹbá. Kí Èṣù là wọ́n lọ́nà. Kí ọwọ́ wọn má ṣe rọ. Kí Ifá fún àwa tá à ń gba iṣẹ́ náà ní ojú tó ń rí i, àti ọwọ́ tó ń sanwó rẹ̀. Àṣẹ.